Ọkọ̀ 911 àti Ìyà Ẹni tí ó Ni Ín

Nínú gbogbo ohun ìní tí ọmọ Yorùbá ti ń kó jọ láti ìgbà tí owó kòkó ti sọ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ di ọlọ́kọ̀, bóyá ni ọ̀kan wà tí ó ń fún olówó rẹ̀ ní iyì ní ìta, tí ó sì ń gba oorun lójú rẹ̀ nínú ilé, tó ọkọ̀ akẹ́rù oní-dísẹ́lì tí ó ti dàgbà. Nítorí pé bí ó ti ń kọjá lójú pópó, tí ilẹ̀ ń mì tìtì, tí àwọn ọmọdé ń ka ọ̀rọ̀ tí a kọ sí iwájú orí rẹ̀ ní àkàpariwo, àwọn aládùúgbò a máa rò pé owó ni ẹni tí ó ni ín jókòó tì nílé tí ó ń kà, wọn kò mọ̀ pé gbèsè ni ó ń ṣírò, àti pé ojú kan ni ó fi ń sùn, kí ìpè má baà bá a lójijì pé ọkọ̀ ti kú sí ẹ̀bá ọ̀nà Oǹdó pẹ̀lú ẹrù olẹ́rù lórí.

Ọkọ̀ tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí 911: Mẹ́sí onímú róbótó, agunkè-má-ṣojo, ọkọ̀ tí ó gbé ìtì ìrókò jáde láti inú igbó J4 ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí ó kó kòkó kúrò lóko Oǹdó, tí ó kó iṣu láti Ṣakí, tí ó sì kó ìyàwó, ọmọ àti àga ìjókòó ọ̀pọ̀ olùkọ́ láti ìlú kan dé òmíràn nígbàkúùgbà tí ìjọba bá ní kí wọ́n ṣí lọ. Ní 1959 ni ilé iṣẹ́ Daimler-Benz ní ilẹ̀ Jámánì kọ́kọ́ gbé irú ọkọ̀ onímú kúkúrú yìí jáde, nígbà tí ó sì ṣe, ó gba ipò lọ́wọ́ Bedford àti Austin, àwọn bọ̀lẹ̀kájà tí àwọn baba wa fi pákó kàn lára, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń mu pẹtiróòlù bí ọ̀mùtí ti ń mu ẹmu. Nọ́mbà tí ó wà lára 911 kì í ṣe nọ́mbà lásán. 9 tí ó ṣáájú dúró fún tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án, èyí tí í ṣe ìwọ̀n tí ọkọ̀ àti ẹrù orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá lápapọ̀. 11 tí ó tẹ̀ lé e dúró fún agbára ẹṣin 110 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní. Kí òǹkàwé fi 9 yìí sọ́kàn, nítorí pé a ó tún pàdé rẹ̀ níwájú.

Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè béèrè pé kí ló dé tí ènìyàn yóò fi máa bá irin tí ó ti lé ní ogójì ọdún jìjàkadì, nígbà tí ọkọ̀ tuntun kò tán láyé. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Ní nǹkan bí 1980 tí ilé iṣẹ́ ANAMMCO bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes ní Ẹnúgu, náírà kan ṣoṣo ju dọ́là kan lọ, oníṣòwò tí ó bá sì mú òwò rẹ̀ ní ọ̀kúnkúndùn lè yọ owó ọkọ̀ tuntun nínú èrè rẹ̀. Nígbà tí ó di 1986, tí ìjọba Ọ̀gágun Babangida gbé ètò ọrọ̀ ajé tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP kalẹ̀, náírà já wálẹ̀ bẹ̀ẹ̀rẹ̀bẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì di ohun tí a ń fi ojú rí tí ọwọ́ kò tó. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ó ní ti rọ̀ mọ́ èyí tí ó ní, tí ẹni tí kò ní sì ń lọ ra tókúnbọ̀ tí àwọn aláwọ̀ funfun ti lò títí tí ó sú wọn. Arúgbó ṣoge rí, àkísà lògbà rí. Ọkọ̀ tí à ń wò yìí, ọmọge ni òun náà nígbà kan.

Ìdí kejì tún wà, èyí sì jẹ́ iyì fún 911 fúnra rẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní sípánà, òòlù, jáàkì àti làákàyè lè tú u palẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò kan ní Ìkirè, kí ó sì tò ó padà kí ilẹ̀ tó ṣú, ohun tí a kò lè dán wò lára àwọn ọkọ̀ ayé òde òní tí ó jẹ́ pé bí wáyà tí kò ju irun orí lọ bá já nínú wọn, ẹ̀rọ ni a óò fi ṣe àyẹ̀wò kí a tó mọ ohun tí ń ṣe wọ́n. Nítorí náà ni àwọn awakọ̀ àgbà fi ń sọ pé 911 kì í kú. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Àìkú rẹ̀ gan-an sì ni wàhálà rẹ̀, nítorí pé òkú ọkọ̀ a máa jẹ́ kí olówó rẹ̀ sinmi.

Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí a bí ní Paris ní 1858, ni ó ronú kan irú ẹ́ńjìnnì yìí, tí ó sì mú un ṣiṣẹ́ ní ìlú Augsburg ní 1897. Òun kan náà ni ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní oṣù September 1913 pé òun ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a kò sì tún rí i láàyè mọ́. Mo sọ ìtàn yìí fún awakọ̀ àgbà kan nígbà kan rí. Ó mi orí, ó ní ẹni tí ó bá gbé irú ẹ́ńjìnnì báyìí wá sáyé kò lè ṣàìní ìdí tí yóò fi sá lọ. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná fún un. Ti dísẹ́lì kò ní. Afẹ́fẹ́ lásán ni ó kọ́kọ́ ń fà sínú, tí písítìnnì yóò wá fún un mọ́ra títí tí èyí tí ó gba ààyè mẹ́tàdínlógún yóò fi há sí ààyè kan ṣoṣo, tí ooru rẹ̀ yóò sì pọ̀ débi pé dísẹ́lì tí nọ́sù bá tú sí i yóò gbiná fúnra rẹ̀. Ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ wa, nígbà náà, kò ju méjì lọ: kí ibi tí a ti ń fún afẹ́fẹ́ yìí dí pinpin, kí dísẹ́lì tí ń bọ̀ wá bá a sì mọ́ tónítóní, kí omi tàbí afẹ́fẹ́ má bá a wọlé. Inú nǹkan méjì yìí ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹkún ọlọ́kọ̀ ti ń wá.

Mo wà nínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń ṣòwò pákó nígbà tí a ń ti Ọ̀rẹ̀ bọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. A kò tíì dé Oǹdó nígbà tí ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tí ó fà tìkọ̀, tí ó sì dákẹ́ lórí ìdagẹ̀rẹ̀. Kí awakọ̀ tó fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀, mọ́tọ̀bọ́ì ti bẹ́ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú wẹ́ẹ̀jì, igi onígun mẹ́ta tí kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tọ̀sán tòru, ó sì ti fi há ẹ̀yìn táyà. Ọmọ náà ní, “Bàbá, ṣé epo ló tán ni?” Awakọ̀ kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó ní, “Epo wà. Ó ti fa afẹ́fẹ́ ni. Lọ gbé sípánà wá.” Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tú ìdè kékeré kan tí ó wà lórí fílítà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù ńlá. Ìfófòó ni ó kọ́kọ́ ń jáde, tí ó ń ṣe ṣìì, ṣìì, bí ẹni pé nǹkan ń mí nínú irin náà. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, títí ìfófòó fi di èéfọ́ kọ̀ọ̀kan, tí èéfọ́ náà sì tán, tí dísẹ́lì gidi wá ń ṣàn láìdáwọ́ dúró. Ó dè é. Ó tún tú ẹnu àwọn páìpù tí ó lọ sí ìdí nọ́sù díẹ̀díẹ̀, ó ní kí mọ́tọ̀bọ́ì ṣíná. Bátìrì sì ti ń rẹ̀ lọ, nítorí náà gbogbo wa dákẹ́ bí ẹni tí ń gbọ́ ìdájọ́. Ẹ́ńjìnnì yí, ó ń lọ́ra, ó tu dísẹ́lì sí bàbá náà lójú, ó sì ké.

Ohun tí ó fa gbogbo rẹ̀ kò tóbi ju kọ́bọ̀ lọ. Wáṣà bàbà kan ni, irú èyí tí a ń fi sí abẹ́ ìdè páìpù kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé. Mẹkáníìkì tí ó tún un ṣe kẹ́yìn ti dá èyí tí ó ti tẹ́jú padà síbẹ̀ dípò kí ó fi tuntun sí i. Ẹrù tí owó rẹ̀ tó owó iṣẹ́ oṣù mélòó kan dúró sójú títì nítorí ohun tí owó rẹ̀ kò tó ra ẹ̀kọ mímu. Irú èyí ni ó ń bí ọlọ́kọ̀ nínú ju kí kíránkì ṣẹ́ lọ, nítorí pé bí kíránkì bá ṣẹ́, ènìyàn a mọ̀ pé ọ̀ràn ńlá ni ó dé, àwọn ará a sì wá bá a kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ta ni a fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ wáṣà fún?

Ti dísẹ́lì fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, lítà kan kò tó ₦300. Kí ọdún náà tó dé ìdajì, ó ti ju ₦700 lọ, nítorí ogun tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Yukréènì. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ni ó ń le sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní April 2024, nígbà tí ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí kéde pé òun ti dín lítà kan kù láti ₦1,200 sí ₦1,000, ayọ̀ ni àwọn ọlọ́kọ̀ fi gbà á. Bí owó bá ti gun òkè báyìí, àwọn alábòsí kì í jìnnà. Àwọn kan ń da kẹrosíìnì mọ́ dísẹ́lì, àwọn mìíràn ń ta èyí tí wọ́n sè nínú igbó ní agbègbè Niger Delta, dúdú bí omi aró, tí ń rùn bí ọ̀dà. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ ti ń rìn, kí ni ó burú? Ohun tí ó burú ni pé dísẹ́lì kan náà tí ẹ́ńjìnnì ń jó ni ó ń fi ọ̀rá ara rẹ̀ ra àwọn irin wẹ́wẹ́ tí ń lọ tí ń bọ̀ nínú pọ́ǹpù, irin tí wọ́n fi ìṣọ́ra gbẹ́ débi pé okùn irun kan kò lè gba àárín wọn kọjá. Kẹrosíìnì gbẹ, kò ní ọ̀rá bẹ́ẹ̀; omi a sì máa dípẹtà. Nígbà tí pọ́ǹpù bá fi máa kígbe, ilé epo tí ó ta dísẹ́lì náà ti gbàgbé ẹni.

Láti ìgbà náà lọ ni ọlọ́kọ̀ yóò máa rin ìrìn àjò sí Àràròmí lẹ́bàá Gate ní Ìbàdàn, tàbí sí Ládìípọ̀ ní Mushin, níbi tí gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí ó wà láyé ti tò sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ jẹ́ fún àjèjì. Ènìyàn yóò rò pé ohun tuntun tí ó wà nínú páálí dídán, tí a fi ọ̀rá dì, ni ó yẹ kí ó wọ́n jù. Àwọn tí ó mọ̀ a máa kọ̀ ọ́, wọn a ní kí a lọ gbé ògbólógbòó wá, èyí tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù, tí a tú lára ọkọ̀ tí ó ti kú ní Yúróòpù, tí girísì ìlú òyìnbó ṣì wà lára rẹ̀. Wọn kò jayò pa. Gáskẹ̀tì tuntun tí ó jẹ́ ayédèrú lè jó kí ọkọ̀ tó lọ sí Èkó bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ni bẹ́àrìn tókúnbọ̀ tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá lè tún ṣe mẹ́wàá mìíràn. Orúkọ ilé iṣẹ́ kan náà ni ó wà lára méjèèjì. Òǹtajà yóò sì fi Ọlọ́run búra.

N kò fẹ́ kí a gbọ́ ọ pé mo ń bú àwọn mẹkáníìkì. Ọgbọ́n tí ó wà lọ́wọ́ wọn, bí a bá kọ ọ́ sínú ìwé, yóò kún yàrá kan. Mo ti rí èyí tí ó dúró lẹ́yìn ọkọ̀ tí ó fi èéfín nìkan mọ ohun tí ń ṣe é: èéfín dúdú, dísẹ́lì ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, fílítà afẹ́fẹ́ ti dí tàbí nọ́sù ń tọ̀; èéfín aró, ọ́ìlì ti ń gba ara rínngì kọjá, ọ̀fàhọ́ọ̀lù sì ti sún mọ́lé; èéfín funfun tí kò lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, omi rèdíétọ̀ ti ń bá gáskẹ̀tì wọlé. Ohun tí mo bá wọn jà lé lórí ni pé wọ́n gbà pé apá àwọn ni òṣùwọ̀n. Àwọn ìdè orí ẹ́ńjìnnì ní bí ó ti yẹ kí a fún wọn le mọ, wọ́n sì ní èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú èkejì, láti àárín bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Sípánà kan sì wà tí a ṣe nítorí èyí, tí yóò sọ fún ènìyàn pé ó tó. Nínú ọ̀pọ̀ ilé mẹkáníìkì tí mo mọ̀, sípánà yìí kò sí. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá lágbára jù ni wọn yóò pè. Ẹ̀yìn èyí ni gáskẹ̀tì yóò jó, tí wọn yóò sì sọ pé Ògún ni ó ń bínú.

Ògún Lákáayé, ọṣìn imọlẹ̀, baba gbogbo ẹni tí ń fi irin jẹun: n kò ní kí ẹnikẹ́ni má bọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọlọ́kọ̀ tí ó ra ajá Ògún láìjanpata, tí ó wá ń bá mẹkáníìkì jà nítorí owó fílítà dísẹ́lì tí kò tó ìdá mẹ́wàá owó ajá náà.

Ó wá ku 9 tí mo ní kí òǹkàwé fi sọ́kàn. Tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án ni àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ yìí fún un láti gbé, ti ara rẹ̀ wà nínú rẹ̀; bí a bá yọ ìwọ̀n irin àti ti pákó tí a fi kan ara rẹ̀ kúrò, ohun tí ó kù fún ẹrù fẹ́rẹ̀ má ju tọ́ọ̀nù márùn-ún lọ. Ìtì igi tútù kan tí ó gùn ní mítà mẹ́rin, tí ìbú ojú rẹ̀ sì jẹ́ mítà kan, lè tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Ní ọ̀nà J4, mẹ́ta irú rẹ̀ ni wọ́n máa ń tò lé ọkọ̀ kan, wọn a fi ṣéènì dè é, wọn a sì máa bú awakọ̀ pé ó ń rọra rìn. Ewé síprìngì yóò ha ṣe tí kò ní máa dá? Ọkọ̀ tí a di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé, tí ó ń ti Ẹ̀fọ̀n Alààyè, ìlú olókè, sọ̀ kalẹ̀, kò ní ohun tí yóò fi dúró ju jíà lọ. Àwọn awakọ̀ àgbà mọ èyí: jíà tí ènìyàn fi gun òkè ni wọ́n ń fi sọ̀ ọ́, kí ẹ́ńjìnnì máa fà á sẹ́yìn, kí bíréèkì sì tutù di ìgbà tí a bá nílò rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ a máa yọ ọ́ kúrò nínú jíà kí ó máa yí gbirigbiri kí wọ́n lè tọ́jú dísẹ́lì, wọn a sì gbára lé bíréèkì tí ó ti gbóná títí tí kò lè di nǹkan kan mú mọ́. Ìgbà yẹn ni wẹ́ẹ̀jì ọwọ́ mọ́tọ̀bọ́ì kì í ríṣẹ́ ṣe.

Èrò tèmi, lẹ́yìn gbogbo ohun tí ojú mi ti rí nídìí ọkọ̀ yìí, ni pé ogbó rẹ̀ kọ́ ni ó ń jẹ wá níyà. A ń fún un ní dísẹ́lì burúkú mu, a ń fi ayédèrú wọ̀ ọ́, a ń di ẹrù ọkọ̀ méjì lé e, nígbà tí ó bá sì dákẹ́, a ní ó ti darúgbó. Bí a bá fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un, yóò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ rẹ̀ náà lówó lórí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di adìyẹ bà lókùn, tí ara kò rọ okùn, tí ara kò rọ adìyẹ: owó tí a óò fi tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ara rẹ̀ náà ni yóò ti jáde, nígbà tí àwọn tí ń háyà rẹ̀ kò sì fẹ́ san ju iye tí wọn yóò san fún ọkọ̀ tí a kò tọ́jú lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé kan tí ó ń kọ gbogbo ìnáwó sí, láti orí táyà dé orí bọ́lúùbù, pẹ̀lú iye tí ọkọ̀ mú wálé. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí tí ó ń ṣe tí àwọn ọlọ́kọ̀ mìíràn kì í ṣe nìyẹn, òun sì nìkan ni mo mọ̀ tí ó lè sọ bóyá òun jèrè tàbí òun pàdánù ní ọdún tí ó kọjá. Ẹni tí kò bá lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó ra 911. Kí ó fi owó rẹ̀ ra ilẹ̀.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ti pinnu pé ẹ óò rà á dandan, ẹ má ṣe lọ wò ó ní ọ̀sán, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹni tí ń tà á mọ wákàtí tí ẹ óò dé. Ẹ lọ ní kùtù hàì, ẹ mú mẹkáníìkì tí kò mọ ẹni náà rí dání, kí ẹ sì fi ọwọ́ yín kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó ṣíná. Ọkọ̀ tí ó bá yá, tútù ni yóò ti ké, èéfín funfun rẹ̀ yóò sì lọ láìpẹ́. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kàn án tí ẹ bá a ní gbígbóná, ẹ kí wọn, kí ẹ sì padà sílé pẹ̀lú owó yín.